Ṣé èèyàn lè wọn iṣẹ́ jíìnì láti inú sẹ́ẹ̀lì tààrà, láìyọ RNA? Ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Samaru (Zaria)

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàbù ní Òkè Ọya yìí. Ọdún kejì mi rèé lórí ìwé másítà. Omi ewé dóńgóyárò ni mo ń yẹ̀ wò. Mo ń dà á sórí HepG2, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí a ń tọ́ nínú ike, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ta jíìnì CYP3A4 jí. Jíìnì yẹn ló ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ oògùn òyìnbó nínú ẹ̀dọ̀. Ìyá àgbà mi máa ń mu àgbo dóńgóyárò lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá ti ìwé ẹ̀rí lójú mi.

RNA, ẹ̀dà tí jíìnì ń gbé jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ni wàhálà mi. Ihò 36 ni mo ń kó lẹ́ẹ̀kan nínú ike oníhò 96. Bí mo bá fi kẹ́míkà TRIzol àti chloroform yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó rí ìjókòó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo yọ gbogbo rẹ̀ tán, mo kó o sínú fíríìsà −80. Iná lọ ní ọjọ́ Ẹtì, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Omi ṣooro ni mo bá nínú túùbù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan wá sọ fún mi pé èèyàn lè tú sẹ́ẹ̀lì nínú ihò rẹ̀ gan-an, kó sì bu omi tó jáde lọ sínú RT (níbi tí ẹ́ńsáìmù ti ń fi RNA ṣe DNA tí ẹ̀rọ lè kà) láìyọ RNA rárá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó ṣeé fọkàn tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.

Ìyá_Láàbù (Gwagwalada)

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ wa la ti sunkún nídìí fíríìsà, ìwọ nìkan kọ́.

Òótọ́ ni ohun tí o gbọ́. Ọdún bíi mélòó kan rèé tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó ra ohunkóhun, jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí a fi ń yọ RNA tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà.

Ọ̀tá RNA ni RNase, ẹ́ńsáìmù tó ń já a. Ó wà nínú òógùn ọwọ́ wa, ó wà nínú itọ́, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ sì ní tirẹ̀ nínú. RNase A burú débi pé bí o bá sè é nínú omi gbígbóná, tó bá tutù tán, á tún padà máa ṣiṣẹ́, nítorí ìdè sọ́fọ̀ mẹ́rin tó di ara rẹ̀ mú. Nígbà tí Chomczynski àti Sacchi gbé ọ̀nà wọn jáde ní 1987, ohun tí guanidine àti phenol (àwọn kẹ́míkà inú TRIzol) ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń lu gbogbo purotéènì pa lẹ́ẹ̀kan náà, RNase sì bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n oògùn tó lu RNase pa yẹn, á lu ẹ́ńsáìmù RT náà pa tó bá kù sínú túùbù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fọ RNA mọ́, tí iṣẹ́ sì fi ń gùn.

Ọ̀nà tààrà yìí kò lu ẹnikẹ́ni pa. Ọṣẹ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí ara sẹ́ẹ̀lì, irú bíi Triton X-100 tàbí IGEPAL, tí RT lè fara dà. Wọ́n á fi ohun tó ń di RNase lọ́wọ́ sí i, wọ́n á fi DNase sí i kó jẹ DNA inú sẹ́ẹ̀lì. O fọ sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú PBS (omi oníyọ̀) tútù, o da bọ́fà, ìyẹn àpòpọ̀ ọṣẹ yẹn, lé e, o fi pipẹ́ẹ̀tì rò ó, o dúró fún ìṣẹ́jú 5. O fi omi ìdádúró sí i kí DNase má baà máa jẹun lọ, ìṣẹ́jú 2 míràn, ó tán. O bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí RT. Ihò 36 rẹ yẹn, bí ọwọ́ rẹ bá yá, kò ní gbà ọ́ ní wákàtí kan.

Kíìtì tí wọ́n ń pè ní Cells-to-CT sọ pé láti sẹ́ẹ̀lì 10 títí dé 100,000 ló ń gbà. Èmi kì í dé orí iye yẹn láéláé. Sẹ́ẹ̀lì 10,000 nínú ihò kan tó mi. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti pọ̀ jù, ìdọ̀tí inú rẹ̀ náà pọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń fún RT lọ́rùn. Ìwé kíìtì náà gbà kí omi sẹ́ẹ̀lì tó 45 nínú 100 ohun tó wà nínú túùbù RT. Èmi kì í kọjá 20.

Ohun tí mo fẹ́ kí o di mú jùlọ nìyí. Kí o tó fi oògùn rẹ kan sẹ́ẹ̀lì kankan, tú sẹ́ẹ̀lì lásán, kí o bu omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí o tún là á ní ìlọ́po mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sórí ẹ̀rọ. PCR, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ń sọ ẹ̀dà DNA kan di méjì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí o bá là á ní ìlọ́po mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, Ct (iye ìyípo kí ẹ̀rọ tó rí i) gbọ́dọ̀ pẹ́ sí i ní 3.3. Bí èyí tí o kò là bá fi 1 péré ṣáájú èyí tí o là, nǹkan ń fún un lọ́rùn, má gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́.

Ọmọ_Vom (Plateau)

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ooru kún un torí Zaria ni àbúrò wa wà.

Ìwé kíìtì á sọ pé kí o tú sẹ́ẹ̀lì ní ìwọ̀n ooru inú yàrá. Inú yàrá ta ni? 19 sí 25°C ni wọ́n ní lọ́kàn. Níbí ní òkè Plateau, a máa ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní Zaria ní oṣù kẹrin, tí ẹ̀rọ amúlétutù kò bá ṣiṣẹ́, yàrá lè dé 35 láàárín ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 5 ní 35 kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5 ní 22. Bọ́fà àti àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á yára, RNase náà á yára. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo wá ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ nìyí: mo da omi sínú abọ́ gbọọrọ, mo ju yìnyín díẹ̀díẹ̀ sí i títí thermometer fi sọ 22, mo gbé pẹrẹsẹ irin lé omi náà, mo sì gbé ike lé irin. Yìnyín inú pure water dídì tó wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ti tó. Ẹ má gbé ike lé yìnyín gbuurugbu o, DNase kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá tutù jù, á sì fi DNA sílẹ̀ fún yín.

Bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú.

Lúgbè_Abuja

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé mo lè fi ọ̀nà yìí ṣe ẹ̀jẹ̀ aláìsàn? Àti bakitéríà?

Ọmọ_Vom (Plateau)

Ẹ̀jẹ̀ gbáà, rárá o. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dí PCR lọ́wọ́. Heparin inú túùbù ìgbẹ̀jẹ̀ náà ń dí i, EDTA sì ń gba magnesium tí ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀ pẹ̀lú Ficoll, tí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ìyẹn lè ṣeé ṣe. Bakitéríà ní ògiri lára, ọṣẹ pẹ̀lẹ́ kò lè ṣí i.

Mo gbìyànjú ẹ̀dọ̀ adìyẹ nígbà kan. Ìta ègé ẹran náà tú, inú rẹ̀ kò tú, nọ́ńbà mi sì ń fò sókè sódò. Sẹ́ẹ̀lì tó dá dúró nìkan, tàbí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ike ní ìpele tín-ín-rín, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Kàdúná_PCR

Fún ẹni tí kò lówó kíìtì: mo máa ń po bọ́fà fúnra mi. Tris 10 mM tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.4, NaCl 150 mM, IGEPAL CA-630 ní 0.25%. Mo po èyí sílẹ̀. Ohun tó ń di RNase lọ́wọ́ ni mi kì í pò sílẹ̀, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó ni mo máa ń fi sí i, torí purotéènì ni, kò fẹ́ràn ìrìn àjò. Èyí tó wá láti ara ẹ̀dá ènìyàn nílò kẹ́míkà DTT kó tó lè dúró dáadáa, èyí tó wá láti ara eku kò ní kí DTT pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá yìnyín gbígbẹ ló fi kó o. Mo ti gba èyí tó dé nínú kúlà tí omi inú rẹ̀ ti lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo sanwó rẹ̀, mo sì dà á nù.

Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ àwọn àbúrò wa pọ̀ díẹ̀. Àwọn kan ń fi DEPC, kẹ́míkà tó ń pa RNase, sínú Tris. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á bá ara wọn jà, DEPC á sì pòórá. Omi ni kí ẹ fi DEPC ṣe, kí ẹ sè é, kí ẹ tó wá fi omi náà po Tris. Àwọn míì á fi SDS, ọṣẹ líle, dípò IGEPAL torí ó wà nílé. SDS á tú sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, á sì tú RT náà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ọṣẹ rárá, Svec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2013 lórí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Wọ́n dán oríṣi omi ìtúsẹ́ẹ̀lì 17 wò, albumin màlúù, BSA tí gbogbo wa ní nínú fíríìjì, ní 1 mg/ml ló sì ṣe dáadáa jù. Fún sẹ́ẹ̀lì kan tàbí díẹ̀ ni o, ẹ má gbé e lọ sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìdán an wò.

Bọ́fà tèmi kò ní DNase. Primer (ègé DNA kékeré tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) tó jókòó lórí ojú ìsopọ̀ exon méjì, ìyẹn àwọn apá jíìnì tó ń kù sínú RNA, ni mo fi ń sá fún DNA, kò sì sí ìgbà tí mi kì í ní ihò tí kò ní RT nínú, torí ohun tó bá jáde níbẹ̀, DNA ni.

Ìyá_Láàbù (Gwagwalada)

Kàdúná, o ṣeun. Jẹ́ kí n fi ohun kan le ọ̀rọ̀ rẹ. Jíìnì GAPDH àti ACTB tí gbogbo wa fi ń ṣe òṣùwọ̀n ní ẹ̀dà òkú (ẹ̀dà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́) púpọ̀ nínú DNA ènìyàn, tí exon wọn ti lẹ̀ pọ̀ láìní intron, apá tí sẹ́ẹ̀lì ń gé kúrò, láàárín. Primer orí ìsopọ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ihò tí kò ní RT nìkan ló máa sọ òtítọ́ fún ọ. Mo ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé GAPDH òun kò yí padà láti ihò kan sí èkejì. Kò yí padà lóòótọ́, torí DNA ló ń kà.

Ẹ̀gbọ́n_Kano

Mo kí gbogbo ilé. Inú mi dùn sí ohun tí mo kà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, torí àbúrò yìí ní ìwé láti gbèjà níwájú àwọn olùyẹ̀wò.

Bí o kò bá yọ RNA, o kò lè wọn iye rẹ̀. Kò sí A260 (ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wọn iye RNA), kò sí nọ́ńbà tí á sọ bóyá ó pé tàbí ó ti já. Kò sì sí èyí tó máa kù tí o lè fi ṣe sequencing (kíka lẹ́tà RNA) lọ́dún tó ń bọ̀. Bí o bá mọ̀ pé o máa nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, yọ ọ́. Ìlànà MIQE ti 2009, tó wà fún bí a ṣe ń ròyìn iṣẹ́ PCR irú èyí, sọ pé kí a ṣàlàyé bí a ṣe tọ́jú ohun tí a wọ̀n, kí a sì fi hàn pé kò sí ohun tó dí PCR lọ́wọ́. Nítorí náà ìlà mẹ́wàá-mẹ́wàá tí Ìyá sọ yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú àwòrán. Tún mú ihò díẹ̀, bíi mẹ́fà, kí o yọ RNA wọn ní ọ̀nà àtijọ́, kí o sì fi wé ti tààrà. Ct wọn kò ní bára mu, kò sì gbọ́dọ̀ dà ọ́ láàmú. Ìyàtọ̀ láàárín èyí tó gba oògùn àti èyí tí kò gbà ló yẹ kó bára mu.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ mọ́ jíìnì rẹ. CYP3A4 kéré púpọ̀ nínú HepG2. Ẹ̀dọ̀ gidi ní in dáadáa, HepG2 ti sọ ọ́ nù púpọ̀. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sì ni ọ̀nà tààrà ń lò, nítorí náà Ct á pẹ́ gan-an. Lọ́nà wo ni o máa fi mọ̀ pé ọ̀nà rẹ ń ṣiṣẹ́? Kọ́kọ́ wo CYP1A1, jíìnì ẹ́ńsáìmù mìíràn. Omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Sabon Gari, máa ń ta á jí nínú HepG2. Omeprazole mímọ́, èyí tí o máa yọ́ sínú DMSO, ni kí o rà o, kì í ṣe kápúsù, torí kápúsù ní nǹkan mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ni a fi ń ta CYP3A4 jí. Bí omeprazole kò bá gbé CYP1A1 sókè lọ́wọ́ rẹ, má tíì bá dóńgóyárò sọ̀rọ̀.

Àti pé, kí o kọ́kọ́ ṣe MTT, ìdánwò tó ń sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Bí omi ewé rẹ bá ń pa sẹ́ẹ̀lì, gbogbo jíìnì á lọ sílẹ̀ pọ̀, o sì lè rò pé nǹkan ńlá lo rí.

Ọmọ_Samaru (Zaria)

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí.

Mo ṣe MTT, mo mú ìwọ̀n tí kò pa sẹ́ẹ̀lì. Mo gbé abọ́ omi, mo fi yìnyín mú un wá sí 22, ẹ̀gbọ́n Vom, ó ṣiṣẹ́. Mo tú sẹ́ẹ̀lì 40,000 nínú ihò kan, mo là á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. ACTB: 19.8 láìlà, 20.9 ní ìlà àkọ́kọ́, 24.2 ní ìlà kejì. Ihò tó ti gba omi ewé ni mo lò, torí sẹ́ẹ̀lì lásán tán lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé àkọ́kọ́ àti èkejì sún mọ́ ara wọn jù. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Láàbù (Gwagwalada)

O ti rí i fúnra rẹ. Láti ìlà àkọ́kọ́ sí èkejì, 3.3 géérégé, ìyẹn ń sọ pé primer rẹ dára. Èyí tí o kò là ló ní ẹ̀fúnlọ́rùn. Ká ní kò ní, ibi bíi 17.6 ló yẹ kó wà.

Ìbéèrè kan: nígbà tí o tú sẹ́ẹ̀lì, ṣé omi náà ní àwọ̀?

Ọmọ_Samaru (Zaria)

Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó rí bíi tíì tó ṣì.

Ìyá_Láàbù (Gwagwalada)

Omi ewé rẹ nìyẹn. Ohun tó ń mú ewé korò àti ohun tó ń fún un láwọ̀ máa ń dí PCR. Ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Fi PBS tútù fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o fa omi náà láti ẹ̀gbẹ́ ihò, má jẹ́ kí ẹnu pipẹ́ẹ̀tì kan ìsàlẹ̀, HepG2 máa ń ṣí kúrò ní abala-abala. Kí o sì mú sẹ́ẹ̀lì wá sí 10,000 bí mo ṣe sọ.

Ìwọ Ẹ̀gbọ́n_Kano, mo fẹ́ kí o rí èyí o. Ká ní kò là á, ihò tó gba omi ewé á dà bí ẹni pé jíìnì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ihò tí kò gbà á dúró síbi tó wà. Á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé dóńgóyárò pa jíìnì lẹ́nu mọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé ló pa RT lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Kano

Mo rí i, Ìyá. Àwọn ará ilé ni èyí ń dun jù, tí wọ́n á gbọ́ pé oògùn kan dára tàbí kò dára nítorí àwọ̀ inú túùbù.

Ọmọ_Samaru (Zaria)

Mo fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, sẹ́ẹ̀lì 10,000. Omi rẹ̀ mọ́ kedere. ACTB: 19.5, 22.9, 26.2. Sẹ́ẹ̀lì dín sí ìdá mẹ́rin, síbẹ̀ Ct kò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wò ó títí.

Ihò tí kò ní RT dé ní 34, tí èyí tó ní RT wà ní 19.5. Ìyípo 14.5 láàárín wọn, ìyẹn ju ìlọ́po 16,000 lọ, nítorí náà DNA kò da nǹkan kan rú. Omeprazole gbé CYP1A1 wá sí iwájú ní ìyípo 4 nínú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. CYP3A4 ni kò tíì fi mí lọ́kàn balẹ̀: 34, 35.5, ọ̀kan kò dé rárá.

Kàdúná_PCR

Àbúrò, má fi 34 àti 35.5 ṣe ìpinnu kankan. Níbi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, oríire ni pipẹ́ẹ̀tì fi ń kó o.

Ìyá_Láàbù (Gwagwalada)

Kàdúná ti sọ ọ́. Lo ọ̀nà tààrà fún CYP1A1 àti àwọn jíìnì tó pọ̀, gbogbo ihò 36, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún CYP3A4, tọ́ sẹ́ẹ̀lì sínú ike oníhò 6 kí wọ́n pọ̀, ìwọ̀n oògùn méjì péré, kí o sì yọ RNA wọn bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Túùbù tí ó máa délẹ̀ kò ní pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Sọ gbogbo rẹ̀ di cDNA (DNA tí RT ń fi RNA ṣe) lọ́jọ́ náà kí o tó kúrò ní láàbù. cDNA lè wà nínú fíríìsà lásán, kò ní pòórá bí iná bá lọ lálẹ́ bíi RNA.

Ọmọ_Samaru (Zaria)

Ó dàbọ̀ fún −80 nìyẹn, Mà. Mo ti fi sẹ́ẹ̀lì sínú ike oníhò 6 lálẹ́ àná. Ọjọ́rú ni mo máa da rifampicin sí i, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa yọ ọ́, màláàmù tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ sì ti ṣèlérí pé òun á ra epo sílẹ̀ láti ọjọ́bọ̀. Màá gbé nọ́ńbà wá síbí lálẹ́ ọjọ́ náà.